Ìdọ̀bálẹ̀ Láti Ìgándò dé Ìṣẹ̀rí

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Ìbíyẹmí pé lékeléke ló máa dá ìgbéyàwó òun dúró, ì bá kàn fọwọ́ bo ẹnu ni, nítorí òun kì í rẹ́rìn-ín síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Simeon Akínlẹ́yẹ, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ohun tó jẹ ẹ́ lógún mọ́ bí àwọn ẹyẹ tó máa ń bà sí àbàtà tó wà láàárín Ìgándò àti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kó tó fọ ẹnu láàárọ̀, yóò ti gun dẹ́kìn lọ. Dẹ́kìn yìí ni orí ilé wọn, ibi tó ti ní òun máa fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé láti ọdún mélòó kan, tí kò tíì fi nǹkan kan lé e. Irin ṣì yọrí síta níbẹ̀ bí ìwo ewúrẹ́. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò ṣẹ́jú, yóò ranjú, yóò máa wo ohun funfun kan lókèèrè, yóò sì máa bá ara rẹ̀ jiyàn bóyá lékeléke ni tàbí ọ̀rá tí ẹnì kan fi ra búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n Ìbíyẹmí tó wà ní Kánádà ló gbọ́ sí i. Ó ní kí Dádì yan awò ọ̀nà jíjìn tó bá wù ú, kó jẹ́ ojúlówó, òun máa san án. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí wọ́n bá ní kó yan ohun tó wù ú kì í tètè yan. Lákòókò yẹn náà ni Olútáyọ̀, olùkọ́ ìṣirò kan ní Ìjẹ̀gùn, wá sọ pé Ìbíyẹmí lòun fẹ́ fẹ́. Dádì gbà, Mọ́mì gbà. Ó ku kí ẹbí ọkọ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí wọ́n bá bi Dádì pé ọjọ́ wo, ohun kan náà ló máa ń sọ:

"Ẹ jẹ́ kí n ra awò mi ná. Ohun kan ṣoṣo lèèyàn ń gbé lé orí lẹ́ẹ̀kan."

Lọ́jọ́ Sátidé kan nírọ̀lẹ́, Henry, ọmọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà àti awò ní Dópẹ̀mú, gbé méjì wá kí Dádì lè wò wọ́n wò. Sikóòpù ni Henry ń pè é. Dádì ń pè é ní awò. Mọ́mì ń pè é ní "nǹkan yẹn". Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ó tọ́ gbọnrangandan láti ìdí dé ẹnu. Èèyàn á dúró ṣánṣán, á fojú sídìí rẹ̀, á máa wò. Ó lè mú nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po márùndínlọ́gọ́rin. Èkejì sanra, ẹnu rẹ̀ tó agolo mílíìkì ńlá, ibi tí wọ́n ń fojú sí sì tẹ̀ sókè bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, àfi kéèyàn tẹrí ba kó tó lè rí nǹkan nínú rẹ̀. Ìlọ́po ọgọ́ta ni tirẹ̀.

Dádì ò tíì fojú sídìí ọ̀kankan tó ti dá ẹjọ́.

"Henry, ọmọ mi, mo pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ẹni tó gba márùndínlọ́gọ́rin àti ẹni tó gba ọgọ́ta, ta ló gbé ipò kìíní?"

"Dádì, ẹ má bínú sà, kì í ṣe máàkì nìyẹn."

"Kí wá ni?"

"Ìsúnmọ́ ni sà. Tẹ́ ẹ bá fà á sún mọ́ra jù, tí ẹnu ẹ̀ sì kéré, inú ẹ̀ á ṣókùnkùn, á tún máa gbọ̀n. Ẹnu yìí ló ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹlẹ́nu ńlá ló máa ń ríran."

Mọ́mì tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi gbórí sókè. "Ẹlẹ́nu ńlá ló ń ríran kẹ̀? A ní ọ̀kan nínú ilé yìí. Látàárọ̀ ló ti ń wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Dádì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó rọra ju kọ́kọ́rọ́ sápò. "Àti pé," ó ní, "èmi ò lè máa tẹrí ba fún lékeléke. Ẹyẹ tó jẹ́ pé ìdí màlúù ló ń gbé. Ojúkojú lèmi àti ẹ̀ máa wo ara wa."

Olútáyọ̀ wà níbẹ̀. Ó wá kí wọn ni, àmọ́ kò sí ìgbà tí Olútáyọ̀ máa wà níbì kan tí kò ní bá wọn dá sí i. Ìbíyẹmí fẹ́ràn ọkùnrin náà dénú eegun. Ó fẹ́ràn bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń fi abọ́ ẹ̀ sí omi lẹ́yìn oúnjẹ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ẹnu ẹ̀ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ kì í sùn mọ́jú nínú Olútáyọ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ n bá yín wò ó," ó ní, ó sì fojú sídìí awò tẹ́ẹ́rẹ́. "Mo rí lékeléke mẹ́ta sà. Ẹ̀kẹrin rèé. Rárá o, ọ̀rá ni." Ó yí i sọ́tùn-ún, ó gbé e sókè díẹ̀ sí òkè Ìṣẹ̀rí lọ́ọ̀ọ́kán. "Ilé alájà mẹ́ta kan rèé tí wọ́n kun bákónì ẹ̀ ní búlúù. Bàbá kan wà níbẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ń jẹ ọsàn. Ọsàn náà mà kan o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe dijú."

Dádì gba awò lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wò ó títí. "Bákónì búlúù. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá Ebenezer gan-an nìyẹn."

Bọ̀ọ̀dá Ebenezer yìí, Bàbá Ìṣẹ̀rí ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo Akínlẹ́yẹ tó ti Èkìtì wá sí Èkó. Ọmọ kan ò lè sọ pé òun ń lọ sílé ọkọ bí Bàbá Ìṣẹ̀rí ò bá tíì mi orí. Ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ náà, Dádì ò rí èyí tó máa yàn. Henry kó awò ẹ̀ méjèèjì sínú àpò, ó ní òun á padà wá.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Dádì ní kí Ìbíyẹmí mú Olútáyọ̀ lọ kí Bàbá Ìṣẹ̀rí, kí bàbá lè mọ ojú ẹ̀. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́, Ìbíyẹmí dá a dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ.

"Jọ̀ọ́, tá a bá débẹ̀, ohun tí wọ́n bá bi ọ́ nìkan ni kó o dáhùn."

"Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ jù ni?"

Ìbíyẹmí yíjú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó kàn wo ojú títì.

Olútáyọ̀ ṣe dáadáa. Bó ṣe ń wọlé ló ti nà gbalaja, àyà ẹ̀ kan tàìsì gbì. Inú Bàbá Ìṣẹ̀rí dùn. Ó bi í léèrè ìlú ẹ̀, ó dáhùn. Ó bi í léèrè iṣẹ́ ẹ̀, ó dáhùn. Ó ní, "O káre," ó sì nawọ́ sí abọ́ ọsàn tó wà lórí tábìlì. "Mú ọsàn, ọmọ mi."

"Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé kì í ṣe lára àwọn tó kan lánàá yẹn sà?"

Ìbíyẹmí sáré wo ojú bàbá.

"Àwọn wo?" Bàbá Ìṣẹ̀rí béèrè.

"Èyí tẹ́ ẹ jẹ nírọ̀lẹ́ àná sà, tẹ́ ẹ wá dijú." Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Dádì ló fẹ́ ra awò ọ̀nà jíjìn sà. Orí dẹ́kìn wọn ní Ìgándò la ti ń wò yín. Ó mọ́ kedere sà. Kódà mo rí ibi tí síńgílẹ́ẹ̀tì yín ti ya lábẹ́ apá."

Bàbá Ìṣẹ̀rí gbé ọsàn tó ti mú padà sínú abọ́.

"O rí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Nígbà tó o rí mi, kí lo ṣe?"

"Mo... mo ń wò yín ni sà."

"O dọ̀bálẹ̀?"

Olútáyọ̀ wo Ìbíyẹmí. Ìbíyẹmí ń wo tàìsì.

"Rárá sà."

"O kí mi?"

"Ó jìnnà sà. Ẹ ò lè gbọ́."

"Mi ò bi ọ́ bóyá mo gbọ́. Tí mo bá ń lọ lójú títì, tí mo kẹ̀yìn sí ọ, ṣé o ò ní kí mi torí pé mi ò wẹ̀yìn?"

"Màá kí yín sà."

"Ó dáa. Ibi tí ojú bá lè dé, ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ilé lè débẹ̀. O dúró ṣánṣán lórí ilé àbúrò mi, o ń ka ihò ara síńgílẹ́ẹ̀tì mi, o ò tẹ orúnkún. Irú ẹni tí wọ́n ní kí n fún lọ́mọ nìyẹn."

Kíá ni Olútáyọ̀ tún nà sílẹ̀.

"Dìde jàre. Èyí ti òní nìyẹn, o ti ṣe é nígbà tó o wọlé. Ti àná ni mò ń wí. Orí dẹ́kìn Síméónì lo ti fi mí wọ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni wàá ti kí mi. Èmi á jókòó síbi tí mo jókòó sí lánàá. Kẹ́ ẹ gbé awò náà wá fún mi kí n fi wò ó bóyá àyà ẹ kanlẹ̀. Bí mi ò bá rí i, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ o."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá padà, Olútáyọ̀ dákẹ́ títí wọ́n fi dé ìyànà.

"Ìbí, sọ̀rọ̀ ṣá."

"O ti sọ tèmi mọ́ tìẹ," ó ní.

Nígbà tí Dádì gbọ́, kò bínú. Ó ronú díẹ̀, ojú ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ó ní ojú Bọ̀ọ̀dá ti darúgbó ju tòun lọ. Awò tí Bọ̀ọ̀dá bá fi ríran, kò sí ohun tí òun ò ní fi rí. Ó ní ìdánwò nìyẹn, ìdánwò gidi. Mọ́mì ní, "Ọmọ rẹ fẹ́ pàdánù ọkọ, awò lò ń rò." Ó ní ohun méjèèjì lòun ń rò pọ̀.

Ni wọ́n bá pín ara wọn lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ìbíyẹmí àti Henry gbé awò méjèèjì lọ sí Ìṣẹ̀rí. Dádì àti Olútáyọ̀ gun dẹ́kìn ní Ìgándò, fóònù Dádì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tan ohùn ẹ̀ síta. Kò síná láti ọjọ́ mélòó kan. Mọ́mì ti gbé fóònù tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń báni ṣáàjì ní ìkángun àdúgbò.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ọjọ́sí náà ni Bàbá Ìṣẹ̀rí wọ̀. Ó tún mú ọsàn dání. Ó ní kí ọ̀rọ̀ má baà yí padà. Ọ̀sán ti pọ́n, oòrùn wà ní àárín orí. Henry ti kọ́kọ́ gbé awò tẹ́ẹ́rẹ́ lé ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́ta, ó fà á dé ìlọ́po márùndínlọ́gọ́rin torí pé ohun tí Dádì fẹ́ nìyẹn.

Bàbá Ìṣẹ̀rí fojú sí i. "Kí ló dé tí wọ́n dáná sábẹ́ ọmọ yìí?"

"Ooru ni sà," ni Henry wí. "Ilẹ̀ ló ń gbóná, ooru ẹ̀ ló ń gòkè."

"Ó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Síméónì, ṣé ó ti dọ̀bálẹ̀?"

Ohùn Dádì dún nínú fóònù. "Ó ti dọ̀bálẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Mi ò rí àyà. Nǹkan dúdú kan ni mo rí, ó ga, ó tún kúrú. Kó tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Bàbá ní òun rí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá, ó kanlẹ̀ sà," ni ohùn Olútáyọ̀ wí lábẹ́lẹ̀. "Dẹ́kìn náà gbóná gan-an sà."

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

Ìbíyẹmí, tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan, rìn sún mọ́ Henry, ó rọra béèrè bóyá kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí oòrùn. Henry ní kò sí, àfi kí wọ́n dúró dìrọ̀lẹ́. Ó wá fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún bàbá bí ẹni pé òun gan-an ló rò ó. Bàbá ní kò burú, ó lọ jẹun, ó sì sùn. Ìbíyẹmí jókòó ti awò méjèèjì, ó ń wò wọ́n. Ó ń rò ó pé inú ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni ilé ọkọ òun wà, bẹ́ẹ̀ òun ò mọ̀kan nípa awò.

Nírọ̀lẹ́, atẹ́gùn tútù fẹ́, ilẹ̀ rọ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Awò tẹ́ẹ́rẹ́ ò jó mọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ti ṣú bí yàrá tí wọ́n pa fèrèsé ẹ̀ dé. Henry dín ìsúnmọ́ ẹ̀ kù. Ó mọ́lẹ̀, àmọ́ Olútáyọ̀ kéré bí igi ìṣáná. Bàbá kọ̀. Ó ní àyà igi ìṣáná kọ́ lòun wá wò.

Henry wá gbé ẹlẹ́nu ńlá sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bàbá Ìṣẹ̀rí tẹrí ba, ó fojú sí i. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó pẹ́ nídìí ẹ̀, débi pé Henry bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì.

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni bàbá wí, kò gbé orí. "Síméónì ti fá irùngbọ̀n."

"Ẹ ń rí i sà?"

"Ó fi èyí tó wà lábẹ́ àgbọ̀n sílẹ̀. Háà. Bọ́tìnì ọmọ yìí kan ti já." Ó kọjú sí fóònù. "Síméónì, sọ fún un kó dọ̀bálẹ̀ wàyí."

Olútáyọ̀ lọ sílẹ̀. Bàbá ń ròyìn ẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì fún ìjọ. "Orúnkún kàn án. Ikùn kàn án. Àyà... àyà kàn án. Àgbọ̀n gan-an kàn án. O káre. Ó yá, kó d—"

Fóònù ké tín-ín, ó kú. Bátìrì Dádì ti tán.

Wọ́n pè é, wọ́n tún un pè, kò wọlé. Bàbá ṣì tẹrí ba sínú awò. "Kò dìde," ó ní.

"Ẹ ò tíì ní kó dìde sà," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mo fẹ́ẹ́ sọ ọ́. Pe fóònù tiẹ̀."

Ìbíyẹmí pè é. Ó ń dún létí ẹ̀.

"Ó ń dún," ni bàbá wí. "Mo rí i. Nǹkan ń tàn nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹ̀. Kò mà fọwọ́ kàn án o." Ó tún fojú sí i dáadáa. "Kò fọwọ́ kàn án. Tún un pè."

Ó tún un pè. Àpò ṣòkòtò tún tàn. Olútáyọ̀ ò mira. Ta ló máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, tó máa wá yọ fóònù lápò? Alángbá kan ti ara irin sọ̀kalẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ẹ̀, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó.

"Dádì ló yẹ kó bá a gbé e sà," ni Henry wí.

"Síméónì ò ní gbé e. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó rò pé mo dákẹ́ torí pé inú ń bí mi. Ẹ wò ó, ó ti yọ ọwọ́ lápò. Ó ti tún aṣọ ẹ̀ ṣe. Ó ń wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ti tẹ orúnkún kan. Síméónì, kí lò ń ṣe?" Ó ń bá awò sọ̀rọ̀. "Ó ti tẹ èkejì. Ó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ti di méjì."

Ọrùn ti ń dun bàbá, ó ní kí Ìbíyẹmí wá wò. Ìbíyẹmí tẹrí ba, ayé sì fò wá bá a lójú. Olútáyọ̀ rèé, bí ẹni tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀. Eruku wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ètè ẹ̀ pa dé gbọnyingbọnyin, irú èyí tí Ìbíyẹmí ò rí rí. Bàbá òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìdí ẹ̀ ga díẹ̀ torí ẹ̀yìn tó máa ń dùn ún. Àánú wọn ṣe é. Ẹ̀rín sì ń pa á. Omi ojú kan bọ́ sórí awò, Henry sáré nù ún.

"Mọ́mì ti dé," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mary?" Bàbá Ìṣẹ̀rí béèrè ìyàwó àbúrò ẹ̀. "Kí ló ń ṣe?"

"Abọ́ ẹ̀wà ló gbé. Ó ń bi wọ́n ní nǹkan. Dádì ń tọ́ka síbí láìgbórí." Ó nu ojú, ó tún wò ó. "Ó ti gbé abọ́ kalẹ̀. Bàbá, Mọ́mì ti kúnlẹ̀."

Bàbá Ìṣẹ̀rí dìde, ó lọ sẹ́nu bákónì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sí Ìgándò, ó ń pariwo pé kí wọ́n dìde. Àwọn ọmọ tó jókòó ń ta ayò nísàlẹ̀ dìde dúró, gbogbo wọn. Ìgándò ò gbọ́. Awò méjèèjì wà ní Ìṣẹ̀rí; àwọn tó wà lọ́hùn-ún, funfun tóóró ni wọ́n lè rí, wọn ò lè mọ̀ bóyá àgbà ni tàbí ọ̀rá.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Bàbá," ni Ìbíyẹmí wí. Ó ti mú fìlà bàbá wá kó tó sọ ọ́.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá Ìṣẹ̀rí ti búra pé títí wọn ò bá fi tún ọ̀nà yẹn ṣe, ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ Ìgándò. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní gbogbo kòtò tí wọ́n bá bọ́ sí ló ń sọ fún awakọ̀ pé kó yára, ní gbogbo kòtò náà ló ń bú u pé ó yára jù. Ó wọ bùbá lé síńgílẹ́ẹ̀tì ní ìdajì, ọsàn sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ síbẹ̀.

"Ọmọ tí fóònù ń dún létí ẹ̀," ó ń sọ fún ara ẹ̀. "Tèmi gan-an, àlùfáà ń gbàdúrà lé mi lórí lóṣù tó kọjá, mo gbé e."

Ìbíyẹmí gbọ́. Ó di irin kẹ̀kẹ́ mú.

Nígbà tí wọ́n gun dẹ́kìn, wọ́n bá wọn bí wọ́n ṣe wà. Mọ́mì ti lọ mú ẹní wá fún orúnkún ara ẹ̀, ó sì ń ṣa ẹ̀wà ẹ̀ nìṣó lórí ìkúnlẹ̀. Dádì ń kérora. Olútáyọ̀ ò mira. Bàbá Ìṣẹ̀rí rìn dé orí ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án léjìká.

"Dìde, ọmọ mi. Olúwa á gbé ọ dìde. O ò ní wólẹ̀ fún ọ̀tá."

"Àmín sà."

"Fóònù ń dún, o ò gbé e."

"Ẹ ò tíì ní kí n dìde sà."

Bàbá Ìṣẹ̀rí wò ó. Ó wo Ìbíyẹmí. Ó mi orí, lẹ́ẹ̀kan péré. Mọ́mì tó rí i ju gbogbo ẹ̀wà ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bàbá ti gbà.

"Bọ̀ọ̀dá," ni ohùn kan wí nílẹ̀. Dádì ni. Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀. "Èwo lẹ fi rí i?"

"Kọ́kọ́ dìde, Síméónì."

Olútáyọ̀ àti Ìbíyẹmí fà á dìde. Eruku kún imú ẹ̀. "Èwo lẹ fi rí i, sà?"

"Ẹlẹ́nu ńlá. Ọlọ́rùn pẹ́pẹ́yẹ."

"Èyí tí wọ́n ń tẹrí ba fún?"

"Ṣé èmi ò tẹ tèmi ni? Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ó kàn ń pariwo iye ni. Ẹlẹ́nu ńlá ni kó o rà. Mo rí irùngbọ̀n tó o fá kù."

Dádì fọwọ́ pa abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀, ó sì gbà. Irú awò tó rí irun ìdajì láti Ìṣẹ̀rí, kí ni ẹyẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún un? Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń sọ pé láti ọ̀la lọ, kò sí lékeléke tó máa bà sí àbàtà yẹn tí òun ò ní mọ ìyá ẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Ìṣẹ̀rí wí, ó jókòó sórí ẹní Mọ́mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn ẹ̀. "Ọ̀dọ̀ mi ni awò náà máa wà."

Ẹ̀rín Dádì dúró. "Sà?"

"Títí ìgbéyàwó á fi parí. Mi ò lè gba ọ̀nà yẹn mọ́, ìbàdí mi ti já. Ìgbàkígbà tí àwọn àna bá wá síbí, èmi á jókòó sí bákónì mi, màá máa wò wọ́n. Kí wọ́n kọjú sí Ìṣẹ̀rí tí wọ́n bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Kí ìwọ sì ṣáàjì fóònù ẹ."

Dádì nu eruku imú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Kí ló fẹ́ sọ? Ó wo àbàtà, níbi tí àwọn ohun funfun kan ti ń gbéra nílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ń padà síbi tí wọ́n ń sùn. Ó wò wọ́n títí wọ́n fi wọlé sínú igi. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Olútáyọ̀.

"Àwọn èèyàn ẹ, ìgbà wo ni wọ́n ráyè?"

"A ti fi í sí ìparí ọdún sà. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ ra awò."

"Ìparí ọdún wo? Ṣé ẹ̀ ń kọ́lé ni? Ọmọ ti gbà, bàbá ti gbà, kí lẹ ń retí? Sátidé tó ń bọ̀ kí wọ́n wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ká ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀."

"Sátidé tó ń bọ̀?" ni Mọ́mì wí. "Bàbá Ìbí, kí la fẹ́ fún wọn jẹ? Ta la ti sọ fún? Ọmọ gan-an ńkọ́, ṣé o ti bi í?"

Dádì ò wojú ìyàwó ẹ̀. Olútáyọ̀ la ẹnu, ó rántí ara ẹ̀, ó pa á dé.

"Sátidé dáa," ni Ìbíyẹmí wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Bàbá Ìṣẹ̀rí gan-an dáwọ́ ọsàn dúró. Ooru bo ọmọbìnrin náà lójú, ó wo ilẹ̀, ibi tí àyà Olútáyọ̀ ti nu eruku dẹ́kìn kúrò. Ó tún un sọ, ó sọ ọ́ síta díẹ̀ sí i.

"Mo ní Sátidé dáa, Dádì."